Owó Ìpadàbọ̀ Ni A Kọ́kọ́ Ń Yà Sọ́tọ̀: Ìrìn-àjò Orílẹ̀-èdè Mẹ́ta fún Ẹni Tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀

 

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá mi nílé pé èmi ni n óò sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, ó rò pé n óò sọ̀rọ̀ nípa owó ìfẹ̀yìntì. Mo ní rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò gùn: yálà ó ti dé, tàbí kò tíì dé. Mo ní ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni mo fẹ́ sọ, pé kí ènìyàn gba orílẹ̀-èdè mẹ́ta kọjá lórí ilẹ̀ pẹ̀lú báàgì kan lẹ́yìn àti owó kékeré lápò. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá, ní Benin níbí?" Mo mọ ohun tó ń rò. Bí ẹ bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ojú ọ̀nà Siluko yìí, ohun tí àwọn ènìyàn yóò gbọ́ ni Kánò, Agadez, Líbíyà àti òkun. Ìdí nìyẹn gan-an tí mo fi fẹ́ sọ ọ́.

Ìrìn-àjò kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ló gbé àwa tàbí àwọn bàbá wa dé Benin. Ẹ bi àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ṣakí léèrè nípa Gáànà. Ẹ bi ará Èjìgbò léèrè nípa Abidjan, yóò fi Faransé dá yín lóhùn. Kùmásí ni wọ́n bí èmi fúnra mi sí ní 1961, bàbá mi ń ta aṣọ ní ọjà Kejetia. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo jẹ́. Ohun tí mo rántí kò ju lọ́rì kan, àwa ọmọdé lórí ẹrù, àti bàbá mi tó ń ka owó nínú òkùnkùn. Ó ti pẹ́ ní Kùmásí jù mí lọ dáadáa, kò sì gba ìwé kankan, nítorí pé kò sí ẹni tó bi í rí. (Àwa náà ṣe tiwa fún wọn ní oṣù Kìíní ọdún 1983. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù wọn ni a ṣì ń pè ní Ghana Must Go títí di òní.)

Ṣùgbọ́n láàárín ọdún méjèèjì yẹn, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa kò kà sí. Wọ́n dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, àwọn olórí orílẹ̀-èdè wọ̀nyí fọwọ́ sí ìwé ní Dakar pé ọmọ ìlú ọ̀kan lè wọ ìlú èkejì láìgba físà, kí ó sì lo ọjọ́ 90 níbẹ̀, bí ó bá ti ní ìwé ìrìnnà àti ìwé-ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èmi tí mo lo ọdún tó lé ní 30 nínú iṣẹ́ ìjọba Bendel àti Edo, tí mo sì jókòó sí ẹ̀ka ètò ìṣúná fún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, mo mọ̀ nípa ìwé yìí. N kò sọ ọ́ fún ẹni tó yẹ kí n sọ ọ́ fún.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin kan wà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ó sì ti fún mi láyè. Mẹkáníìkì ni, Uwelu ló ti kọ́ṣẹ́. Ní 2015 ó wá bá mi nílé, ó ní òun gbọ́ pé ibì kan wà ní Kùmásí tí wọ́n ń pè ní Suame Magazine, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń fi irin lásán kan ara bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń tún ohunkóhun tó bá ní ẹ́ńjìnnì ṣe. Ó ní kí n ran òun lọ́wọ́ kí òun lọ wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo bọ́ gíláàsì mi, mo ní, "Ẹni tí kò tíì rówó ilé san, ìrìn-àjò afẹ́ ló ń wá." Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ.

Ní 2016 ìyá rẹ̀ ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Wọ́n kó owó náà fún ẹnì kan tó ń kó ọmọ lọ. Bí a bá pín owó yẹn sí mẹ́rin, ìdá kan péré ì bá gbé e dé Kùmásí, ì bá sì gbé e padà. Oṣù Kejì ọdún 2018 ni ó tó dé, nínú ọkọ̀ òfuurufú tí àjọ IOM fi kó wọn láti Líbíyà wá sí Èkó, láìsí nǹkankan lọ́wọ́ rẹ̀ ju àpò ọ̀rá kan lọ. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni mo fi ṣe àkọlé ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: "Bàbá, nínú gbogbo owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, kò sí èyí tí wọ́n pè ní owó ìpadàbọ̀."

Mo fẹ̀yìn tì ní 2021. Ní ìparí ọdún tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ní, "Èmi àti ìwọ yóò lọ Kùmásí." Ó bi mí pé, "Ẹ̀yin náà, Bàbá?" Mo ní èmi náà. Bí a ṣe ṣe é nìyí.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo fa ìlà sí i bí a ṣe ń fà á ní ọ́fíìsì. Ìlà kìíní tí mo kọ kì í ṣe ọkọ̀ àlọ, kì í sì í ṣe oúnjẹ. Owó ọkọ̀ ẹni méjì láti Kùmásí padà sí Benin ni, pẹ̀lú oúnjẹ ọjọ́ méjì. Òun ni a kọ́kọ́ kó jọ. Ìyàwó mi rán àpò kékeré kan mọ́ inú ìbàdí ṣòkòtò mi fún un. Owó yẹn kò sí lára owó ìrìn-àjò. Bí olè bá gbé báàgì, bí ara bá kọ̀, bí èmi àti ọmọ yìí bá tilẹ̀ bínú síra wa lójú ọ̀nà, a óò délé. Lẹ́yìn èyí ni mo tó pín ìyókù sí ọkọ̀, ibùsùn, oúnjẹ àti àìròtẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé àìròtẹ́lẹ̀ ni ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ ná, nítorí náà ọmọ ni mo kó o fún pé kó tọ́jú rẹ̀, kí n má baà fọwọ́ kàn án.

Ìwé ìrìnnà ló gba owó jù kí a tó kúrò nílé. Tèmi ti kọjá àkókò, tirẹ̀ ti sọnù ní Líbíyà. Ẹ má ṣe dín owó kù níbi ìwé. Iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de máa ń fún ènìyàn ní ìwé ìrìnnà ECOWAS pẹ̀lú, èyí tí kò wúlò kọjá àwọn orílẹ̀-èdè àjọ náà, ṣùgbọ́n tó tó fún irú ìrìn yìí. Èkejì ni káàdì yẹ́lò, ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Láti oṣù Keje ọdún 2016, àjọ ìlera àgbáyé ti gbà pé abẹ́rẹ́ kan yìí tó ènìyàn fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà gan-an, ẹ má ṣe ra káàdì lásán lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á nínú gáréèjì. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé gbogbo, kí ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ nílé.

Ètò wa àkọ́kọ́ dé Abidjan. Àṣìṣe tèmi ni pé náírà ni mo fi ṣírò gbogbo rẹ̀, náírà ni a sì ń kó jọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Ní oṣù díẹ̀, owó tí a kó jọ dà bí àpò gàrí tí eku ti jẹ ní ìdí. Mo jókòó ti ìwé mi, mo fa ìlà pupa la Ivory Coast kọjá. Ó dùn mí. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé owó ìlú tí ẹ óò ti ná an ni kí ẹ fi ṣírò, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná ní Kùtọ̀nú àti ní Lómè, owó Yúróòpù ni wọ́n sì so ó mọ́: sẹ́fà 655.957 fún yúrò kan, láti 1999. Kì í ṣubú lóru bí tiwa. Nítorí pé ọ̀kan náà ni ní Benin àti Tógò, kò sí pààrọ̀ owó láàárín àwọn méjèèjì, owó tí oníṣẹ́ṣẹ́ǹjì ì bá jẹ sì dín kù. Kí ẹ tó wọ Gáànà, ẹ fi sẹ́fà díẹ̀ pamọ́ fún àbọ̀. Ẹ má ṣe sọ gbogbo rẹ̀ di sídì.

A yan oṣù Kọkànlá. Òjò ti ń lọ, èrò ọdún kò sì tíì sọ owó ọkọ̀ di ìlọ́po. Báàgì kọ̀ọ̀kan tí a lè gbé kọ́ ẹ̀yìn ni a mú. Ẹni tó bá gbé ẹrù rẹpẹtẹ, kọ́sítọ́ọ̀mù yóò rò pé ọjà ni.

Láti Benin lọ sí Benin ni a bẹ̀rẹ̀, bí ọmọ yìí ṣe máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ rántí pé Dahomey ni wọ́n ń jẹ́ títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1975. A sùn ní Èkó, a sì kọjá ní Sẹ̀mẹ̀ ní òwúrọ̀. Láti 2018 ni àwọn òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì ti ń jókòó sí ojú kan náà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé yín nígbà tí ẹ bá ń jáde àti nígbà tí ẹ bá ń wọlé. Ọlọ́kadà yóò sọ fún yín pé òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìn tó yá jù. Ẹni tó bá wọlé láìsí òǹtẹ̀ ti di bàbá mi ní 1969.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè tí a kọjá, n kò ní sọ èyí tó jẹ́, ọ̀gá kan di ìwé wa mú, ó ní a óò fi nǹkan sílẹ̀. Mo rí i tí ọwọ́ ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, nítorí ibi tí ó ti rí irú rẹ̀ rí. Mo kí ọ̀gá náà dáadáa, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ní a kò kánjú, mo sì mú ìwé àkọsílẹ̀ mi jáde, mo ń kọ̀wé. Wákàtí kan kọjá. Ó dá ìwé wa padà. N kò sọ pé yóò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ewú orí mi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé rẹ̀ pé, tí kò sì kánjú, owó rẹ̀ máa ń pẹ́ lápò.

A kò sùn ní Kùtọ̀nú, Àjàṣẹ́ ni a sùn. Yorùbá wà níbẹ̀, èdè wa ni a fi dúnàá-dúrà yàrá, fáànù ni a sì gbà dípò ẹ̀rọ amúlétutù. Mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà níbẹ̀ tí ẹ óò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, àwọn ìdílé tó ti Brazil padà wá ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wíwò rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Ní Kùtọ̀nú, ẹ dúnàá-dúrà owó ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zém kí ẹ tó gùn ún. Oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà ni a jẹ káàkiri, àkàsà níbí, kẹ́ńkẹ́ lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń jẹun. Ibi tí awakọ̀ bá ti ń jẹun, oúnjẹ kì í pẹ́ nílẹ̀ kó tó tán, kì í sì í wọ́n.

Ní ọ̀nà Lómè, a sọ̀ kalẹ̀ ní Ouidah. Ní etíkun ibẹ̀, wọ́n gbé Ilẹ̀kùn Àìpadàbọ̀ kan dúró fún ìrántí àwọn ẹrú tí wọ́n kó lọ. A dúró lókèèrè wò ó. Ọmọ yìí kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó bi mí pé aago mélòó ni ọkọ̀ wa yóò lọ.

Láti Kùtọ̀nú dé Lómè, bí kìlómítà 150 ni. Láti Lómè dé Àkrà, kò jìnnà sí 200. Ibodè Aflao wà ní ìpẹ̀kun ìlú Lómè gan-an, ẹsẹ̀ ni a fi rìn wọ Gáànà. Ọkọ̀ kan wà tó ń gbé ènìyàn láti Èkó dé Àkrà tààrà, ó sì dára fún ẹni tó bá ń lọ ṣe ìpàdé, ṣùgbọ́n a rí i pé wíwọ ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú kò wọ́n tó o, a sì ń rí ojú ilẹ̀.

Ní Kùmásí, ilé ìbátan bàbá mi kan ní Zongo ni a dé sí. Ilé ẹni kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Mo ti kọ owó ẹ̀bùn onílé sí abẹ́ ibùsùn láti Benin: gàrí, aṣọ kan fún ìyá àgbà, àti owó ọbẹ̀. Mo wá ṣọ́ọ̀bù bàbá mi lọ sí Kejetia. Wọ́n ti kọ́ ọjà tuntun síbẹ̀, n kò mọ ibi tí mo dúró. Mo ra omi tútù mu, mo padà sílé.

Suame ni ọmọ yìí ń lọ láàárọ̀. Ilé ìkó-ohun-ìjà ológun àtijọ́ kan ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ ní Magazine. Ohun tí mo rí ni irin, epo dúdú, iná wẹ́dà, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin tí kò sí èyí tó ń dúró de ìjọba. Ọjọ́ kìíní ó kàn ń wò. Ọjọ́ kejì ó bá àgbà kan di irin mú. Ọjọ́ kẹrin mo lọ bá a níbẹ̀ lọ́sàn-án, ó ti dùbúlẹ̀ sí abẹ́ bọ́ọ̀sì kan, ó ń fi pijin bá wọn ṣe àríyànjiyàn. Ọjọ́ 7 ló lò ní Suame, kò sì bèèrè owó iṣẹ́, nítorí mo ti sọ fún un pé ọjọ́ 90 yẹn ìbẹ̀wò ni, kì í ṣe iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìlú wọn kó ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú.

Ìpadàbọ̀ ni a ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Tógò àti Gáànà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn Nàìjíríà àti Benin. A ti mọ̀ ọ́n nígbà àlọ, a gbàgbé rẹ̀ nígbà àbọ̀. A ti sanwó ọkọ̀ kan tí yóò gbé wa láti Kùtọ̀nú. Aago Lómè ni a fi dé ibẹ̀, ọkọ̀ sì ti lọ. Ọmọ ṣí àpò àìròtẹ́lẹ̀, ó ka owó yàrá fún mi, ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé pé mo gbà á. Mo fọwọ́ sí i.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ECOWAS. Ẹni tó bá ń ronú ìhà ibẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ohun tí òfin sọ. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ bá òun gba Agadez, ẹ bi í pé èló ni owó ìpadàbọ̀.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹni tó bá ní òun yóò san owó ọkọ̀ yín, tó wá gba ìwé ìrìnnà yín pamọ́, tàbí tó ní kí ẹ wá mulẹ̀, ẹ kúrò níwájú rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì tú irú ìmùlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ká láàfin, ó sì fi àwọn tó ń ṣòwò ọmọ ènìyàn gégùn-ún. Ẹ̀yin onílé wa tí ẹ wà níbí mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ìwé àkọsílẹ̀ náà wà lórí tábìlì akọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ da àwọn ìlà owó rẹ̀ kọ, kí ó dà á kọ, ṣùgbọ́n kí ó yí iye rẹ̀ sí ti ọjà òní. Ojú ìwé mẹ́rìnlá tó gbẹ̀yìn kì í ṣe tèmi. Àwòrán ara bọ́ọ̀sì ni ọmọ yìí yà síbẹ̀ ní Suame, pẹ̀lú ìwọ̀n irin kọ̀ọ̀kan. Òun ni kí ẹ bi nípa ìyẹn. Ó jókòó sí ọwọ́ òsì yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.